Ẹni Tí Wọ́n Tilẹ̀kùn Mọ́, Kí Ó Ṣílẹ̀kùn fún Ẹlòmíràn

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, nínú Súrátùl Hujurāt, ẹsẹ 13, Ọlọ́hun là á yé wa pé ìpayà Rẹ̀ nìkan ni ẹnì kan fi lè lọ́lá ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí Abu Dharr fi ìyá ẹnì kan bú u, Ànábì bá a wí pé ìwà ayé àìmọ̀kan ṣì kù lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, irú aṣọ tí Abu Dharr ń wọ̀ ni ó ń wọ̀ fún ẹrú rẹ̀.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ńkọ́? Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Àwọn onílé níbẹ̀ a máa rí àwọ̀ dúdú, wọn a sì pa ilẹ̀kùn dé. Ní 1924, ìwé ìròyìn kan tàbùkù àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ó kọ̀wé ta kò ó. Kò fi mọ síbẹ̀. Ní 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀. Láti 1929, ó rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kiri láti wá owó ilé. Ní 1933, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣí ní Camden Town.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Àwa tí ọmọ wa ń ráhùn láti òkè òkun pé wọn kò gba òun sílé nítorí àwọ̀, ṣé a kò tíì bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ẹ̀yà rẹ̀ ní Agó-Ìwòyè, kí a tó sọ pé yàrá ti tán? Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ǹjẹ́ owó alágbàṣe tí ó jẹ́ àlejò dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ onílẹ̀? Ní Ogun Waterside, ǹjẹ́ a ń fetí sí Ìlàjẹ àti Ìjọ bí a ti ń fetí sí Ìjẹ̀bú?

Ẹni tí ìyà yìí ti jẹ rí, kí ó má ṣe gbẹ̀san lára aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Kí onílé wo ìwà, kí ó má wo ẹ̀yà. Kí ẹni tí ó bá wà níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ àlejò jẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ó má dúró di ẹ̀yìn. Àlejò ni gbogbo wa láyé.

Kí Ọlọ́hun fọ ìgbéraga kúrò lọ́kàn wa, kí Ó sì sọ ìpalára wa di àǹfààní fún àwọn ẹlòmíràn. Àmín.