Bí A Ṣe Ń Pe Function Àjèjì Tí Iye Ẹrù Rẹ̀ Kì í Dúró Sójú Kan Nínú Èdè BASIC

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti Kétu, Ìbàdàn, Atakpamé àti Libreville wá, ẹ fún mi láyè kí n ṣe àlàyé ọ̀ràn kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ọmọ aláìṣẹ̀ kan ní Ntoum níhìn-ín.

Èdè BASIC ni John Kemeny àti Thomas Kurtz gbé kalẹ̀ ní Dartmouth College, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1964, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì baà lè lo kọ̀ǹpútà. Nínú ìdílé rẹ̀, FreeBASIC, èyí tí ó jáde ní ọdún 2004, ni mo ń lò. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ó lè ránṣẹ́ pe function tí a fi èdè mìíràn kọ, pàápàá èdè C tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní Bell Labs ní nǹkan bí ọdún 1972. Inú àkójọ tí a ń pè ní library ni irú àwọn function bẹ́ẹ̀ máa ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn ni printf, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tẹ ọ̀rọ̀ àti nọ́ḿbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹrù ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan ní Pobè di ẹrù ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Libreville. Lóṣù yìí, gàrí àti ata gígún ni; lóṣù tí ń bọ̀, ó lè jẹ́ gàrí, ata, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti aṣọ. Ọmọ náà kò lè mọ iye ohun tí ó wà nínú àpò tí a ti rán lẹ́nu, nítorí náà ni ìyá ṣe ń fi ìwé kékeré lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni printf rí. Ìwé ni a kọ́kọ́ ń fi lé e lọ́wọ́, àmì sì wà nínú ìwé náà: %d fún odindi nọ́ḿbà, %f fún nọ́ḿbà tí ó ní ẹ̀sún, %s fún ọ̀rọ̀. Kì í ka ẹrù. Ìwé nìkan ni ó gbà gbọ́. Àwọn baba wa gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àrokò, nítorí iye owó ẹyọ tí a so pọ̀ ni ìròyìn fúnra rẹ̀: ẹ̀fà fún ìfà, ẹ̀jọ fún ìjọra.

Báyìí ni a ṣe ń fi printf han FreeBASIC:

Declare Function printf Cdecl Alias "printf" (ByVal iwe As ZString Ptr, ...) As Long

Àmì mẹ́ta tí ó tò tẹ̀lé ara wọn yẹn ni ó wí pé ẹrù yòókù lè pọ̀, ó sì lè kéré. Ó kéré tán, ohun kan gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn. Alias wà níbẹ̀ nítorí pé FreeBASIC a máa sọ orúkọ di lẹ́tà ńlá, bẹ́ẹ̀ ni C kò mọ PRINTF.

Cdecl ni ó ṣòro fún mi jù láti lóye. Nínú kọ̀ǹpútà oní-bíìtì 32, a ń to ẹrù jọ lé ara wọn láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, kí ìwé baà lè wà lókè pátápátá, níbi tí ẹni tí a pè yóò ti rí i láìwá a kiri. Bí iṣẹ́ bá parí, ta ni yóò kó òkìtì náà kúrò? Lábẹ́ òfin stdcall, ẹni tí a pè ni. Iye tí a ti dá fún un ni yóò kó. Ṣùgbọ́n bí iye náà bá ń yí padà, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Nítorí náà ni cdecl fi iṣẹ́ náà lé ẹni tí ó pè lọ́wọ́, òun tí ó mọ ohun tí ó gbé kalẹ̀. Àwọn function Windows fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ stdcall tán, síbẹ̀ wsprintf, tí ó gba oríṣiríṣi iye ẹrù, jẹ́ cdecl. Visual Basic àtijọ́ kì í gba cdecl nínú Declare. Àṣìṣe 49 ni yóò kọ sí ọ lójú.

Wàyí o, mo kọ ètò kan láti tẹ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde, ìdánwò mẹ́rin fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ibà dá ọmọkùnrin kan dúró sílé, ó sì pàdánù ọ̀kan. Mo da ìlà àtijọ́ kọ fún un, mo yọ máàkì kan kúrò, mo sì gbàgbé ìwé:

printf(!"%s: %d %d %d %d\n", StrPtr(oruko), a, b, c)

FreeBASIC kò bá mi wí rárá, nítorí pé kì í ka ohun tí ìwé wí. Àmì mẹ́rin béèrè nọ́ḿbà mẹ́rin, mẹ́ta ni mo fún un. Printf na ọwọ́ sí ibi tí ìkẹrin ìbá wà, ó sì mú ohunkóhun tí ó bá níbẹ̀. Òdo ni ó bá. Òdo jókòó sí iwájú orúkọ ọmọ tí ó ṣàìsàn, bí ẹni pé ó ṣe ìdánwò náà tí kò mọ nǹkan kan! Bí ó bá jẹ́ nọ́ḿbà ràbàtà ni, ǹ bá ti fura. Ìyá rẹ̀ ni ó wá béèrè lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo tún ètò náà dánwò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, 32764 ni ó tẹ̀ sí ibi kan náà.

Irú ẹrù pẹ̀lú ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi \ pín àròpọ̀ nínú BASIC yóò rí odindi nọ́ḿbà. Bí ó bá kọ %f fún un, ìsọkúsọ ni yóò jáde. / ni kí a fi pín in, kí a sì fi èsì rẹ̀ sínú Double.

Mo ti yí ètò mi padà. Máàkì kan ṣoṣo ni mo ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nínú For àti Next, títí iye tí ọmọ náà ní yóò fi tán:

For i = 1 To iye
  printf("%d ", maaki(i))
Next

Mo tẹ ìwé mìíràn fún ọmọkùnrin náà lọ́jọ́ kejì, mo sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ fúnra mi.