Ṣé Kí N Fi Ọmọ Ajá Ṣe Ẹ̀bùn Kérésìmesì?

Ìbéèrè

Dókítà, ọmọ Kìṣí ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ajá aládùúgbò mi bí ọmọ márùn-ún, ó sì ní bí ẹnikẹ́ni kò bá gbà wọ́n kí ọdún tó dé, òun á lọ tú wọn sí ọjà. Àánú wọn ṣe mí. Mo fẹ́ gba méjì lọ sílé: ọ̀kan fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èyí àgbà nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 9, ìkejì fún bàbá mi, torí ọ̀bọ ń dà wọ́n láàmú lóko àgbàdo. Mùsùlùmí ni bàbá mi. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kó bá wọn lójijì. Àwọn ajá náà á pé ọ̀sẹ̀ 6 lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

*Ọmọ Kìṣí, Ìlọrin*

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàánú ẹ̀dá tí kò lè bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹ lè gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wọn dé lójijì.

Bí ẹ bá ti padà sí Ìlọrin, ta ni yóò máa bọ́ ajá àwọn ọmọ? Wọn á bá a ṣeré títí ọdún á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ni yóò máa wá oúnjẹ fún un, tí yóò máa kó ìgbẹ́ rẹ̀, tí yóò sì máa wá owó abẹ́rẹ́. Òun gan-an ni ẹ kò tíì bi. Ajá tí a tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 10 sí 13. Ẹni tó máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Ní Britain, ìṣòro yìí ló mú kí Clarissa Baldwin, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ aláàbò ajá tí a mọ̀ sí Dogs Trust lónìí, gbé ìkìlọ̀ jáde ní 1978 pé gbogbo ọjọ́ ayé ajá ni à ń gbà á sílé fún, kì í ṣe ọjọ́ Kérésìmesì nìkan.

Ti bàbá yín yàtọ̀ díẹ̀, torí iṣẹ́ ń dúró de ajá tiwọn. Ìsìláàmù fàyè gba ajá oko, ajá ọdẹ àti ajá tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Ẹ pè wọ́n: ṣé wọ́n fẹ́ ẹ? Níbo ni yóò máa sùn? Ta ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́ oko? Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Èyí tí ebi ń pa tí kò sì lólùkọ́, adìẹ ará ilé ni yóò dojú kọ. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́, ẹ fara mọ́ ọn. Bóyá ológbò tí yóò máa lé eku nínú àká ni yóò wúlò fún wọn jù.

Ọ̀sẹ̀ 6 kéré jù. Ẹ bẹ aládùúgbò yín kó jẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn di ọ̀sẹ̀ 8, ó kéré tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ eré láìgéni jẹ: bí ọ̀kan bá deyín mọ́ èkejì jù, èkejì á ké, eré á sì tú. Ọjọ́ ọdún pàápàá kò dáa fún ọmọ ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ọyẹ́ Kìṣí ń mú lóru, ariwo bángà ń dẹ́rù bà á, egungun adìẹ tí a ti sè sì máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó lè gún un nífun.

Èyí tó ká mi lára jù ni dìgbòlugi. Nínú èèyàn 100 tó ní in, bíi 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ó ṣeé dènà. Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 bíi àgbà ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, tí ajá gé jẹ, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Louis Pasteur fún ní abẹ́rẹ́ ìdènà rẹ̀ ní 1885, ó sì yè. Lónìí, iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe ti ajá. Ajá ń gba ti àkọ́kọ́ bó bá pé oṣù 3, dókítà ẹran yóò sì sọ ìgbà tí yóò tún gbà á. Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe fi ata tàbí àgbo sí i.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Kérésìmesì, ẹ mú àwo oúnjẹ àti okùn ọrùn lọ, kí ẹ jókòó pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ jọ pín iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ. Ẹ gba owó abẹ́rẹ́ ọdún àkọ́kọ́ rù. Nígbà tó bá yá, kí dókítà ní Ìlọrin fún ajá náà ní oògùn aràn àti káàdì abẹ́rẹ́, kí ẹ wá gbé e wálé nínú agbọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kì í ṣe nínú búùtù mọ́tò. Ẹ bá aládùúgbò yín wá ilé fún àwọn tó kù, kí ẹ sì gbà á níyànjú pé kó mú ìyá wọn lọ fún iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bí mọ́. Bí oṣù méjì péré ni oyún ajá, ó lè tún bí kí ọdún tó yí po.

Bí àwọn ará ilé bá ní rárá, ẹ má bínú. Ẹ wá ẹni tó ń wá ajá ní tòótọ́ fún un.