Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ síprínǹgì MGB kí ẹ tó tú ẹsẹ̀ iwájú

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ní Ìlú Ọba, MGB la mú lónìí, èyí tí wọ́n ṣe láti 1962 di 1980. Láti oṣù May 2018, òfin kò fi dandan lé MOT ọdọọdún mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún. Bí iṣẹ́ yín kò bá dára, ẹnikẹ́ni lè má rí i kí ẹsẹ̀ tó yẹ̀ lójú títì.

Síprínǹgì ni ewu wà. Lára MGB, apá ṣọ́kì ló di òkè ẹsẹ̀ mú. Bí ẹ bá tú u láìsí jáàkì lábẹ́ àwo síprínǹgì, síprínǹgì á ta jáde bí ọta ìbọn. Ẹ fi igi di táyà ẹ̀yìn, ẹ gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì (jáàkì nìkan kò tó rárá!), kí ẹ wá fi jáàkì gbé àwo náà. Tí ẹ bá ti tú ìsopọ̀ òkè, ẹ sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí síprínǹgì yóò fi dẹ̀. Ẹ fi okùn so ẹsẹ̀ náà rọ̀, kó má baà fa ọ́ọ̀sì bíréèkì.

Bí ẹ bá fi bọ́ọ̀ṣì rọ́bà tuntun sí apá ìsàlẹ̀, ẹ má fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le tán àfi tí táyà bá tẹ ilẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á lọ́, á sì tètè ya.