Owó tẹ́ ẹ ti ná sára ẹ̀rọ kọ́ ló máa sọ bóyá kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀

L'Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi alùpùpù onítáyà mẹ́rin sáré lórí iyanrìn máa ń bá ara wọn nínú ìṣòro kan tí gbogbo oníṣòwò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ní Honda TRX400EX, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1999. Ó ti fi písítìnì ńlá sí i, ó pààrọ̀ sàlẹ́ńsà àti táyà, 1,500 dọ́là ló ná. Ní báyìí, Yamaha Raptor 700 ló wù ú, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè ta ti àkọ́kọ́ nítorí owó tóun ti ná.

Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ra àlòkù kì í sábà dá owó àtúnṣe padà. Ẹ̀rù tiẹ̀ lè máa bà á pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú ti jìyà.

Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó bi ara rẹ̀. Èló ni wọ́n máa rà á lónìí? Èló ló máa fi kún un? Kí ni tuntun lè ṣe tí èyí ò lè ṣe? Ẹ́ńjìnnì Honda yẹn jẹ́ 397cc, ti Raptor jẹ́ 686cc. Bó bá jẹ́ agbára ló ń wá, ìyàtọ̀ wà. Bó bá jẹ́ fàájì òpin ọ̀sẹ̀ lásán, èyí tó wà nílẹ̀ ti tó.

Bó bá fẹ́ tà á, kó dá àwọn páàtì tó bá a wá padà sí i, kó ta èyí tó rà lọ́tọ̀.

Àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Owó àná lomi, ẹ̀rọ lagbè. Ẹ yẹ agbè wò kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà.