Sí Ẹ̀yin Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fi Jẹ Olórí Kíláàsì

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ ìwàásù kọ́ ni ìjọ gbé lé yín lọ́wọ́. Ìwàásù ní àwọn tó ni ín. Tiyín ni àwọn èèyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá tí orúkọ wọn wà nínú ìwé kíláàsì yín. Kálukú wọn ló ní nǹkan kan tó fẹ́ yí padà nínú ayé rẹ̀ tí kò mọ ibi tí yóò ti mú un. Òmíràn nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dáwọ́ dúró, ó tún ti bẹ̀rẹ̀, títí ó fi sú u. Bí a ṣe ń ran irú wọn lọ́wọ́ kí ìyípadà náà lè pẹ́ ju oṣù kìíní ọdún lọ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Oṣù kìíní yẹn kò ṣèèṣì bọ́ sẹ́nu mi. Òru àìsùn ọdún tuntun ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: aago mọ́kànlá ti kọjá, ìlù ń dún, gbogbo ìjọ wà lórí ìdúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ṣí Bíbélì láti oṣù kẹta á ké sí Ọlọ́run pé láti ọ̀la lọ, òun á máa jí ní aago mẹ́rin, òun á ka Bíbélì parí kí ọdún tó parí, òun ò ní ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù mọ́, òun á máa san ìdá mẹ́wàá, òun ò sì ní bínú sí ìyá òun mọ́ láéláé. Ẹ̀jẹ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Kò purọ́ o, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àárín èrò tó ń kọrin ló wà nígbà tó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ìgbà tó máa san án, òun nìkan ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí iná, ẹ̀fọn ò jẹ́ kó gbádùn. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀jẹ́ ti já. Ìtìjú á wọlé, ẹni náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìjọ. Sísá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ẹ̀jẹ́ tó já lọ.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá gbé ìpinnu rẹ̀ wá bá yín, ọjọ́ tó burú jù nínú ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ bi í pé: lọ́jọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ, tí owó tán, tí ọmọ ò jẹ́ kó o sùn, ṣé wàá lè ṣe èyí? Tó bá ṣiyèméjì, ẹ gé e kù. Kí orí kan di ẹsẹ mẹ́ta, kí wákàtí àdúrà di ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ máa gé e lọ títí á fi kéré débi tí ojú á máa tì í láti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú tó ń tì í yẹn lẹ ó sì bá wọ̀yá ìjà jù. Náámánì, olórí ogun Síríà, rò pé Èlíṣà á jáde sí òun, á ju ọwọ́ sókè, á pe orúkọ Ọlọ́run rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Wọ́n ní kó lọ wẹ̀ nínú Jọ́dánì nígbà méje, inú bí i, ó ṣẹ́rí padà. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló pẹ̀tù sí i nínú, tí wọ́n fi yé e pé ká ní ohun ńlá ni wòlíì ní kó ṣe ni, ṣebí ì bá ṣe é. Ipò àwọn ìránṣẹ́ yẹn lẹ wà. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn ohun ńlá: orí òkè, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, ìgò òróró. N kò bú ààwẹ̀, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ ọkùnrin tó fi ogójì ọjọ́ gbààwẹ̀ tí kò tíì lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pé kó má bínú, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí kíláàsì ti wá fún yín, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé orí ìkúnlẹ̀ àdúrà ni wọ́n ti rí i. Gbèsè ló bí i. Ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kejì ọdún 1742, John Wesley, aṣáájú àwọn Mẹ́tọ́díìsì, àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé lórí gbèsè ilé ìjọsìn wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Captain Foy, dábàá pé kí kálukú máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ní tálákà tí kò ní lè san án pọ̀ láàárín àwọn. Ó ní kí wọ́n kó mọ́kànlá tó tálákà jù fún òun, òun á máa lọ bá wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí kò bá rí san, òun á bá a san án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín gbogbo ẹgbẹ́ sí méjìlá méjìlá. Àwọn tó lọ gba pẹ́nì wá ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé: wọ́n bá ẹnì kan níbi tó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, wọ́n bá ẹlòmíràn tó ti mutí yó. Wọ́n sọ fún Wesley, òun sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí àwọn ti ń wá láti ọjọ́ yìí ti dé. Nígbà tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Badagry ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, kíláàsì ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Alájọ ni Foy, tí ẹ bá wò ó dáadáa. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà lè fúnra rẹ̀ máa fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà sábẹ́ ẹní lójoojúmọ́. Kò ṣe é. Ó ń dúró de alájọ, ó sì gbà kí alájọ mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, nítorí pé alájọ á wá. Kódà tí òjò bá ń rọ̀, á dé iwájú ìsọ̀, á yọ káàdì, á fi báírò sàmì sí ojú àpótí kan, á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Wíwá yẹn ni ìyá aláta ń sanwó fún. Ohun kékeré tí a ń ṣe lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kú tí kò bá sẹ́ni tó ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń bọ̀ wá béèrè.

Ẹnì kan wà nínú kíláàsì mi tí n kò ní dárúkọ. Awakọ̀ dánfó ni. Kó tó gbé èrò àkọ́kọ́ láàárọ̀, ó ti mu ife paraga méjì. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ títí, pásítọ̀ ti gbàdúrà fún un títí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, n kò dárúkọ paraga rárá. Mo ní kó ka àárọ̀ rẹ̀ fún mi láti ìgbà tó bá ti lajú. Ó ní òun ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, òun á wẹ̀, òun á wa mọ́tò dé gáréèjì, òun á tò sórí ìlà, á sì tó bí ogún ìṣẹ́jú kí tọ́ọ̀nù òun tó kàn. Ogún ìṣẹ́jú yẹn ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe pé òùngbẹ ọtí ń gbẹ ẹ́. Òtútù ń mú un, gbogbo àwọn awakọ̀ sì ń dúró sídìí àga ìyá alágbo láti tàkúrọ̀sọ. Kò síbòmíràn tó lè dúró sí.

Mo béèrè bóyá wọ́n ń ta oúnjẹ nítòsí. Ó ní ìyá alákàrà kan wà ní òdìkejì títì tó ń ta ògì gbígbóná. Ohun tí a fi lélẹ̀ kò ju èyí lọ: tó bá ti tò sórí ìlà, kó tó sọ̀kalẹ̀, kó gbé ọwọ́ lé sítíárì, kó ní kí Olúwa bá òun wa mọ́tò lónìí, kó wá sọdá lọ mu ògì. Tó bá ṣì wù ú láti mu paraga lẹ́yìn ìyẹn, kó mu ún. Olórí kíláàsì ẹlẹgbẹ́ mi kan gbọ́, ó ní mo fàyè gba ẹ̀ṣẹ̀. Mo ní kó fún mi láyè di Àjíǹde.

Lọ́sẹ̀ kan awakọ̀ yìí á sọdá lọ́jọ́ mẹ́rin, lọ́sẹ̀ mìíràn, méjì péré. Mo ń béèrè, ó ń sọ, n kò fajú ro. Ikùn tó ti yó ògì kì í fi bẹ́ẹ̀ pe paraga mọ́. Nígbà tí Àjíǹde fi máa dé, ìyá alágbo ti ránṣẹ́ sí i pé kí ni òun fi ṣẹ̀ ẹ́. Kò tíì di áńgẹ́lì o. Ìjà tó kù ni ti alẹ́, nígbà tó bá san owó ọlọ́kọ̀ tán. Òun náà la ń bá yí lọ́wọ́.

Àwọn awakùsà èédú ní Kingswood, lẹ́bàá Bristol, ti fi ohun mìíràn rọ́pò ọtí bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa. Ilé ọtí ni wọ́n ti máa ń lo alẹ́ Sátidé. Nígbà tí wọ́n gba Jésù gbọ́, wọn ò jókòó sílé lálẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n máa wo ògiri. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì kọrin títí òru fi jìn. Ibẹ̀ ni ìsìn àìsùn ti wọ inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, àìsùn kan náà tí a ń fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ márùn-ún lónìí! Jésù náà sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n gbá mọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo, ẹ sì mọ àwọn ẹ̀mí àìmọ́ tó padà wá gbé inú rẹ̀.

Ẹnì kan á bi yín pé ibo ni Ọlọ́run wà nínú gbogbo èyí, ṣé ògì ló gba awakọ̀ là ni. Ẹ má fi ẹ̀rín gbé ìbéèrè yẹn. Èsì tèmi ni pé kò mu ògì kí Ọlọ́run lè fẹ́ràn rẹ̀. Ọlọ́run ti fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí ife paraga ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá rò pé iye ọjọ́ tí òun ṣe dáadáa ni ìgbàlà òun rọ̀ mọ́, irọ́ ló máa pa fún yín, olórí kíláàsì tí wọ́n bá sì ń purọ́ fún kò ríṣẹ́ ṣe. Agbára tó fi ń sọdá títì náà, ẹ̀bùn ni, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń pín in. Mánà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi pa mọ́ di ọjọ́ kejì dìdin, ó sì rùn, àyàfi ti ọjọ́ kẹfà tó wà fún ọjọ́ ìsinmi.

Ọjọ́ kan á fò. Ẹ ti mọ̀, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì. Ìwádìí kan wà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní University College London, tó jáde ní 2009. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn èèyàn 96 tí kálukú wọn fẹ́ sọ ohun kékeré kan di àṣà, bíi kó máa mu omi tàbí kó máa jẹ èso nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó wà láàárín lo ọjọ́ 66 kó tó di ohun tí kò ń ronú sí mọ́. Ẹni tó yára jù lo 18, wọ́n sì ṣírò ti ẹlòmíràn dé 254. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọjọ́ 21 ló ń gbà, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé ọjọ́ kan tó fò kò ba gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn kí ó tó fò.

Bí ẹ ṣe máa béèrè ṣe pàtàkì. Pétérù sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n tún pàdé létí òkun, ẹja ti wà lórí ẹyín iná, Jésù ní kí wọ́n wá jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ló tó bi í ní ìbéèrè, ìfẹ́ ló sì béèrè. Kò bi í nípa ọ̀rọ̀ òru yẹn. Ó wá fún un níṣẹ́. Ẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Dípò kí ẹ bi wọ́n pé ṣé o ṣe é, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ló le jù fún ọ lọ́sẹ̀ yìí. Àgbàlagbà á wà lára àwọn èèyàn yín. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kò ní gbà kí ọmọ tí òun lè bí máa bi òun ní ìbéèrè bíi tíṣà níwájú èrò. Ẹ lọ sílé rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ròyìn tiyín fún un kí ẹ tó béèrè tirẹ̀. Ohun tí ẹ bá sì gbọ́ kò gbọdọ̀ dé orí WhatsApp kíláàsì, kódà kí ẹ pè é ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Orúkọ tí òfófó ń jẹ́ nínú ìjọ nìyẹn.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í gé sí kékeré o. Ọkùnrin tó ń na ìyàwó rẹ̀ kò ní dín in kù díẹ̀díẹ̀. Òní ló máa dáwọ́ dúró, ẹ sì kọ́kọ́ wá ibi tí obìnrin náà máa wà láìséwu. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ tí kò bá tíì mutí, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ já ọtí sílẹ̀ lójijì lè pa á. Àdúrà yín á bá a dé ọsibítù.

Èyí tó kù ni tiyín. Nínú òfin tí Wesley gbé jáde ní 1743, olórí kíláàsì gbọ́dọ̀ máa rí òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti àwọn ìríjú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Súpéríńténdẹ́ǹtì tiwa ní ìjọ tó pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò ní ráyè yín. Ẹ wá ẹlòmíràn tó máa bi yín. Tèmi, ìyá kan tó ń ta òfì ni. Kò ka ìwé púpọ̀, kì í sì í gba àwáwí. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń pè mí lórí bí mo ṣe ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi, tó bá sì gbọ́ pé mo ń yí ohùn padà, á ní kí n gbé fóònù fún èyí tó kéré jù nínú wọn. Ẹ ti rí tiyín kí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé, torí ọjọ́ náà la máa fún yín ní ìwé kíláàsì.