Ìmọ́lẹ̀, Àbùdá àti Aago Inú Ọpọlọ

Nínú ọpọlọ ènìyàn, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, nǹkan bí 20,000 sẹ́ẹ̀lì kóra jọ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí aago. Àwọn ni ó ń darí àkókò oorun, ìgbóná ara àti ebi.

Apilẹ̀ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni ó ń mú aago náà rìn. Lọ́dún 1971, Ronald Konopka àti Seymour Benzer fi hàn lára eṣinṣin kékeré pé bí apilẹ̀ àbùdá kan ṣoṣo bá yí padà, aago náà lè yára, ó lè falẹ̀, ó sì lè dàrú pátápátá. Irú rẹ̀ ń bẹ lára ènìyàn pẹ̀lú. Ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe purotéènì kan. Bí purotéènì yìí bá pọ̀ tó, yóò dá apilẹ̀ àbùdá tí ó bí i dúró. Bí ó bá sì tú ká, iṣẹ́ a tún bẹ̀rẹ̀. Yíyípo kan ń gba nǹkan bí wákàtí 24, ó sì sábà máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí ìmọ́lẹ̀ fi gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe lójoojúmọ́. Ti òwúrọ̀ ń mú kí oorun tètè dé. Ti alẹ́ ń lé e sẹ́yìn.

Àwọn tí kò ríran

Ojú ni ìmọ́lẹ̀ yìí ń gbà dé ọpọlọ, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbé e lọ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń ríran. Afọ́jú tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ṣì pé lójú rẹ̀ lè máa sùn kí ó sì máa jí lásìkò. Kí ó máa jáde sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bí aríran. Ẹni tí a ti yọ ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì ńkọ́? Oorun rẹ̀ lè máa sún díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́: ní ọ̀sẹ̀ kan yóò sùn dáadáa, ní ọ̀sẹ̀ mìíràn yóò lajú sílẹ̀ lóru, yóò sì máa tòògbé lọ́sàn-án. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ má ṣe yára pe èyí ní ọ̀lẹ tàbí àròdùn. Ẹ kọ àkókò oorun rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Melatonin tí dókítà bá yàn fún un, tí ó sì ń lò ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, lè ràn án lọ́wọ́.

Ní wọ́ọ̀dù àti nílé

Ẹ ṣí fèrèsé ní òwúrọ̀. Lóru, ẹ pa iná tí ó wà lókè ibùsùn bí ìtọ́jú kò bá lọ lọ́wọ́. Bí iná mànàmáná bá lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ rántí pa súìṣì, kí ó má baà tàn sí aláìsàn lójú nígbà tí iná bá padà dé ní ọ̀gànjọ́.