Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Máìlì Kì í Ṣe Owó

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra ọjà ní Dubai, ní Istanbul àti ní Guangzhou, a ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọ bàálù. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń lọ bá ọmọ yín wẹ ọmọ tuntun ní London tàbí ní Houston, a ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di ẹrù tí kílò rẹ̀ kò ní lé. Ẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Ohun tí a fẹ́ kà lónìí ni nǹkan tí ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń fúnni lẹ́yìn tí a bá ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò gbà á rí. Àwọn tó gbà á, púpọ̀ nínú wọn ń ṣì í lò. Orúkọ rẹ̀ ni máìlì. Èyí tí òtẹ́ẹ̀lì ń fúnni ni wọ́n ń pè ní póìǹtì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ American Airlines bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń ka máìlì tí oníbàárà bá fò. Bí máìlì náà bá pọ̀ tó iye kan, wọn a fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ United ṣe tirẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ní 1983, òtẹ́ẹ̀lì Holiday Inn àti Marriott náà bẹ̀rẹ̀. Lónìí, British Airways àti Qatar Airways ń pe tiwọn ní Avios. Emirates ń pè é ní Skywards, Ethiopian ń pè é ní ShebaMiles, Delta ń pè é ní SkyMiles. Orúkọ ló yàtọ̀. Nǹkan kan náà ni.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó mọ ohunkóhun

Àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ yìí tán, síbẹ̀ wọ́n gbé ohun kan lọ sílé ní òdì. Wọ́n rò pé owó ni máìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tilẹ̀ béèrè báńkì tí òun ti máa lọ gbà á. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a rọra, kí a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí a tún un sọ, kí a sì tún un sọ.

Máìlì kì í ṣe owó. Èènì ni.

Ẹ ra gàárì kóńgò mẹ́ta, ẹni tó tà á bu èènì sí i. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ bí èènì yóò ṣe pọ̀ tó? Ẹni tó ń tajà ni. Lónìí ó lè kún ọwọ́, lọ́la ó lè má tó àbọ̀ ọwọ́, ẹ kò sì lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ kò lè gbé èènì lọ san gbèsè. Kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó máa ra gàárì tí kò nílò nítorí èènì. Báyìí gẹ́lẹ́ ni máìlì rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rí mẹ́rin tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀rí kìn-ín-ní: Ilé-iṣẹ́ ló ń sọ ohun tí máìlì lè rà. Láyé àtijọ́, Delta ní ìwé kan tí wọ́n to iye máìlì sí: ibi báyìí, máìlì báyìí. Ní ọdún 2015 wọ́n yọ ìwé náà kúrò. Láti ìgbà náà, iye máìlì tí tíkẹ́ẹ̀tì ń gbà ń lọ sókè sódò bí iye owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń lọ. Ẹni tó ti kó máìlì jọ fún ọdún márùn-ún kò ní ohùn kankan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ owó ni, ta ló jẹ́ yí i padà mọ́ wa lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀rí kejì: Máìlì máa ń kú. Ti Emirates ń lo bí ọdún mẹ́ta, ìparí oṣù tí wọ́n bí yín ni yóò kú. Avios yóò kú bí oṣù 36 bá kọjá tí ẹ kò gba ọ̀kan, tí ẹ kò sì ná ọ̀kan. Póìǹtì Marriott, oṣù 24. Ti Delta àti ti United kì í kú. Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀rí kẹta: Bàálù lè fi ìlú sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Emirates dá fífò dúró ní Nàìjíríà nítorí owó wọn tó há sílẹ̀ wa. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n tó padà sí Èkó. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ọdún méjì ni. Ẹni tó ní máìlì wọn ní Balógun kò rí bàálù wọn wọ̀ ní Ìkejà, bẹ́ẹ̀ máìlì ọlọ́dún mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí kẹrin: Ilé-iṣẹ́ lè wó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, Ansett, ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá kan ní Australia, wó lulẹ̀. Póìǹtì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó jọ sọ́dọ̀ wọn di asán.

Nítorí náà, ẹ tún un kà: máìlì kì í ṣe owó, èènì ni. A kì í fi èènì pamọ́ kó di ogún. A máa ń jẹ ẹ́ ni.

Bí a ṣe ń gbà á

Máìlì kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí ó tó bá yín ṣe é, ẹ má dá a lóhùn.

Nínú fọ́ọ̀mù tí a fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ Frequent Flyer Number sí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà dáadáa kí ẹ lè dá a mọ̀. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà yín ń wọ̀. Bó bá jẹ́ pé èèyàn ló bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ sọ ọ́ ní káńtà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo pélébé ìwé tí wọ́n fi ń wọ bàálù: bí nọ́ńbà náà bá ti wọlé, ẹ ó rí i lára rẹ̀. Ẹ má ju pélébé náà nù títí máìlì yóò fi hàn nínú àkáǹtì yín. Bí kò bá hàn, ẹ lè béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́, nítorí oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ lò, bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an. Àdúgbò lè máa pè yín ní Ìyá Ìbejì tàbí Alhaja, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ Ìyá Ìbejì. Ẹ wo pásípọ́ọ̀tù yín: orúkọ ìdílé ló wà lókè, orúkọ tiyín ló wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbé e yí padà, kọ̀ǹpútà yóò ní ẹlòmíràn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ Ethiopian lónìí, tí ẹ ń wọ Turkish lọ́la, ẹ gbọ́ èyí. Ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, Star Alliance, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lè gba máìlì lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ má ṣe fọ́n ọn káàkiri, díẹ̀ lọ́hùn-ún, díẹ̀ níbí, tí kò fi ní tó nǹkan kan níbì kankan. Ẹ tún mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù lọ lè má mú máìlì púpọ̀ wá.

Bí a ṣe ń ná an

Wọ́n máa ń pè é ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ ó ṣì san owó orí, owó pápá ọkọ̀, àti owó àfikún tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gbé lé e. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti London, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní owó orí tirẹ̀ tí wọ́n ń gbà lórí ẹni tó bá fò kúrò nílẹ̀ wọn. Máìlì kò san án fún yín.

Ẹ mú bírò, kí a ṣírò. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦1,900,000. Ilé-iṣẹ́ ní kí ẹ mú máìlì 60,000 wá, kí ẹ sì fi ₦700,000 kún un. Ẹ yọ ₦700,000 kúrò nínú ₦1,900,000: ó ku ₦1,200,000. Ẹ pín in sí ọ̀nà 60,000. Máìlì kan ṣe iṣẹ́ ₦20.

Ilé-iṣẹ́ kan náà tún gbé ẹ̀rọ ìlọta síwájú yín, ó ní kí ẹ fi máìlì 15,000 gbà á. ₦90,000 ni wọ́n ń tà á ní Aláàbà. Ẹ pín in: máìlì kan ṣe iṣẹ́ ₦6. Èwo ló dára jù? Tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi máìlì ra ẹ̀rọ ìlọta.

Ẹ tètè wá àyè. Àga tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún máìlì kì í pọ̀, àsìkò Kérésì sì ń le. Ẹni tó bá lè fò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní oṣù kejì yóò rí èyí tí ẹni tó ń lọ ní oṣù kejìlá kò rí.

Òfin kan náà ló wà fún òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ra yàrá lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, nítorí bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì, póìǹtì kì í sábà wọlé. Marriott ní ohun kan tó dára fún ẹ̀yin oníṣòwò: bí ẹ bá fi póìǹtì gba yàrá fún òru márùn-ún léra, póìǹtì òru mẹ́rin ni wọn yóò gbà. Ẹni tó ń lọ rajà fún ọjọ́ mẹ́rin, bí iṣẹ́ bá gbà á láyè, kó sọ ọ́ di márùn-ún.

Ìwà tó yẹ

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n jù nítorí máìlì. Ẹni tó san ₦200,000 lé kí ó lè gba máìlì tí kò tó ₦50,000 ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹ má ta máìlì yín, ẹ má sì ra ti ẹlòmíràn lọ́wọ́ ọmọkùnrin orí WhatsApp. Òfin ilé-iṣẹ́ kò gbà á, wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa, kí wọ́n sì fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nọ́ńbà fóònù yín àti íméèlì yín ni kí ó wà nínú àkáǹtì náà. Kì í ṣe ti ẹni tó ń bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá ní íméèlì, ẹ ní kí ọmọ yín bá yín ṣí ọ̀kan. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ìjọba tàbí ọ̀gá ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì fún, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Ní oṣù keje ọdún 2002, Gregor Gysi tó wà nípò ètò ọrọ̀ ajé ìlú Berlin ní Jámánì fi ipò sílẹ̀. Kí ló ṣe? Máìlì tó gbà nínú ìrìn-àjò iṣẹ́ ìjọba ló fi ṣe ìrìn-àjò tirẹ̀, èyí tí òfin wọn kò gbà. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, òfin kan jáde ní ìparí ọdún 2001 tó gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mú máìlì irú bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Ìlú kan gbà á, ìlú kan kò gbà á. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ohun tó kéré bí èènì ti tó ba orúkọ jẹ́, orúkọ rere sì ṣòroó rà padà.

Ìdánrawò

1. Ẹ parí gbólóhùn yìí: Máìlì kì í ṣe ______, ______ ni. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.
2. Tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦1,000,000. Ẹ mú máìlì 40,000 wá, ẹ sì san ₦400,000 kún un. Èló ni máìlì kan ṣe?
3. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù yín wá sí kíláàsì tó ń bọ̀. Ẹ da orúkọ yín kọ bó ṣe wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti ní máìlì nílẹ̀, lálẹ́ òní, ẹ lọ wo ọjọ́ tí yóò kú. Bí ọjọ́ náà bá ti sún mọ́lé, ẹ lò ó.